Ta ni kó máa sọ orúkọ àwọn àdírẹ́sì abẹ́lé yín? Ìfiwéra fáìlì hosts, mDNS, ráútà àti sáfà DNS

Mo tẹ ssh, àṣẹ tí a fi ń wọ inú kọ̀ǹpútà mìíràn láti ọ̀nà jíjìn, mo tẹ Enter, mo ń wo ojú kọ̀ǹpútà. Ìṣẹ́jú àáyá 10 gbáko ló kọjá kí sáfà náà tó béèrè páásíwọ́ọ̀dù lọ́wọ́ mi. Nígbà tí mo wọlé tán, gbogbo àṣẹ tí mo tẹ̀ ló ń dáhùn wàràwàrà. Mo jáde, mo tún wọlé: ìṣẹ́jú àáyá 10 náà ni.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ́ ló lọ́ra. Sáfà yẹn rí i pé 192.168.1.34 ló ń kanlẹ̀kùn, ó fẹ́ mọ orúkọ rẹ̀, ó sì ń béèrè lọ́wọ́ sáfà DNS kan (ẹ̀rọ tó ń sọ orúkọ àti àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà fún ẹni tó bá béèrè) tí a ti yọ kúrò níbẹ̀ láti oṣù tó kọjá. Linux máa ń dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 5 kí ó tó gbà pé ìdáhùn kò bọ̀ mọ́, á wá béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i. 5 lẹ́ẹ̀mejì ni 10 tí mo kà yẹn. OpenSSH, ètò tó ń gba ssh wọlé lórí sáfà, ti yí àṣà yìí padà láti ẹ̀dà 6.8 tó jáde ní 2015, níbi tí UseDNS, ìlà tó ń pàṣẹ wíwá orúkọ náà, ti di no, àmọ́ àwọn sáfà tí ẹnì kan ti kọ yes sínú ètò wọn ṣì wà káàkiri. MySQL, ètò tó ń tọ́jú dátà, náà máa ń wá orúkọ ẹni tó bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, àyàfi tí ẹ bá tan skip_name_resolve. Bákan náà ni tcpdump àti traceroute, àwọn àṣẹ tí a fi ń yẹ nẹ́tíwọ́ọ̀kì wò, ìdí nìyẹn tí ara wọn fi máa ń yá bí ẹ bá fi -n sí àṣẹ náà.

Ọ̀nà mẹ́rin ló wọ́pọ̀ tí a fi lè mú kí àdírẹ́sì abẹ́lé ní orúkọ nígbà tí ẹnì kan bá béèrè. Mo ti lo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èrò tèmi ni pé ẹni tó ń pín àdírẹ́sì ló yẹ kó máa sọ orúkọ, torí òun nìkan ló mọ ẹni tó gba èwo lónìí. Ṣùgbọ́n ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ, nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín sì lè má rí bí tèmi.

## Ìdí tí kò fi sí ẹni tó lè ràn yín lọ́wọ́ níta

Bí kọ̀ǹpútà bá fẹ́ mọ orúkọ 192.168.1.20, yóò yí nọ́ńbà náà sẹ́yìn, yóò fi in-addr.arpa sí ìdí rẹ̀, yóò wá béèrè àkọsílẹ̀ PTR (èyí tó ń sọ orúkọ tí àdírẹ́sì kan ń jẹ́) fún 20.1.168.192.in-addr.arpa. Fún àdírẹ́sì tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì gbangba, ẹni tó ni àdírẹ́sì náà ló ń dáhùn. Fún tiyín, kò sí olúwarẹ̀. Láti 1996 ni RFC 1918, ọ̀kan nínú àwọn ìwé ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì, ti ya 10.0.0.0/8, 172.16.0.0/12 àti 192.168.0.0/16 sọ́tọ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lò wọ́n nínú ọgbà tirẹ̀. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni 192.168.1.20 lọ́dọ̀ yín, kámẹ́rà ló jẹ́ lọ́dọ̀ mi. Kò sí sáfà kankan níta tó lè mọ ìyẹn.

Àwọn tó ń bójú tó DNS àgbáyé mọ̀ pé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ máa ń jò jáde, wọ́n sì gbé àwọn sáfà kan kalẹ̀ tí à ń pè ní AS112, tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa dáhùn pé "kò sí" lọ. Ní 2011, RFC 6303 tún ní kí àwọn sáfà DNS máa dá ìbéèrè bẹ́ẹ̀ dúró fúnra wọn, kí ó má tilẹ̀ dé ìta. Nítorí náà, bí Unbound tàbí BIND, àwọn ètò tí a fi ń ṣe sáfà DNS, bá sọ fún yín pé 192.168.1.20 kò ní orúkọ, kò bàjẹ́ o. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló ń jẹ́.

## Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó dáhùn

Níbí ni mo ti rí i tí àwọn ènìyàn ń fi ọjọ́ méjì ṣòfò. Wọ́n kọ orúkọ sínú /etc/hosts (fáìlì tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú orúkọ àti àdírẹ́sì fúnra rẹ̀), wọ́n lo dig, àṣẹ tí a fi ń bi sáfà DNS, dig ní kò sí, wọ́n bá ń tú gbogbo nǹkan palẹ̀. Ẹ wo èyí:

```
$ dig -x 192.168.1.20 +short
$ getent hosts 192.168.1.20
192.168.1.20    pirinta.home.arpa
```

Kọ̀ǹpútà kan náà, ìṣẹ́jú kan náà, ìdáhùn méjì. Ọ̀kankan nínú wọn kò purọ́. Sáfà DNS nìkan ni dig ń bá sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni host àti nslookup. Ní ti getent, ojú ọ̀nà tí ètò orí kọ̀ǹpútà ń gbà ló ń gbà: yóò ka ìlà hosts nínú /etc/nsswitch.conf, yóò sì tẹ̀ lé e, bóyá fáìlì ni kó kọ́kọ́ yẹ̀wò, bóyá mDNS (ọ̀nà tí àwọn kọ̀ǹpútà fi ń sọ orúkọ ara wọn láìsí sáfà), bóyá DNS. Ohun tí ssh àti MySQL yóò rí ni getent ń fi hàn yín. Lórí Windows, ẹ lo ping -a 192.168.1.20, lórí Mac ẹ lo dscacheutil -q host -a ip_address 192.168.1.20. Bí getent bá mọ orúkọ tí dig kò mọ̀ ọ́n, ẹ ti mọ̀ pé inú kọ̀ǹpútà yẹn nìkan ni orúkọ náà wà. Bí dig bá mọ̀ ọ́n tí getent kò mọ̀, ìlà hosts nínú nsswitch.conf ni kí ẹ lọ wò.

Tí dig bá ní kò sí, ẹ má kàn gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ kí ẹ kọjá. Ẹ yọ +short kúrò, ẹ ka ìdáhùn náà látòkè délẹ̀. Ìlà SERVER nísàlẹ̀ yóò sọ ẹni tí ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an, ó sì lè yà yín lẹ́nu. Ìlà SOA (èyí tó ń sọ ẹni tó ń bójú tó apá orúkọ náà) tó wà láàárín yóò sọ ẹni tó pinnu pé kò sí:

```
168.192.in-addr.arpa. 10800 IN SOA localhost. nobody.invalid. 1 3600 1200 604800 10800
```

nobody.invalid jẹ́ àmì Unbound: òun ló dá ìbéèrè náà dúró gẹ́gẹ́ bí àṣà rẹ̀. Bí ẹ bá rí i tí orúkọ zone náà (apá orúkọ tí sáfà kan ń bójú tó) tún ara rẹ̀ sọ lẹ́yìn SOA, tí àmì ìdánudúró kan ṣoṣo sì tẹ̀ lé e, BIND ni. Bí ẹ bá rí prisoner.iana.org, ìbéèrè yín ti jáde síta, ó ti dé ọ̀dọ̀ AS112: ẹnikẹ́ni tó ń gba ìbéèrè yín kiri ti rí irú àdírẹ́sì tí ẹ ń lò nínú ilé. Ìyẹn kì í ṣe ohun tó yẹ kí a fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìyàtọ̀ kan tún wà tó ṣe pàtàkì. NXDOMAIN túmọ̀ sí pé ẹnì kan gbọ́ yín, ó sì sọ pé kò sí. SERVFAIL túmọ̀ sí pé ẹni tí ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ gbìyànjú, kò sì rí ọ̀nà gbé e gbà. Bí kò bá sí ìdáhùn rárá, tí ẹ dúró títí, kò sí ẹnikẹ́ni nílé. Ti ìkẹyìn yìí ló ń mú ssh lọ́ra. NXDOMAIN kì í mú nǹkan lọ́ra. Orúkọ kàn ni kò sí.

## Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

| Ọ̀nà | Ta ló ń rí orúkọ náà | Bí àdírẹ́sì bá yí padà | Ṣé dig -x ń rí i? |
|---|---|---|---|
| Fáìlì hosts | kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo | ẹ óò tún un kọ | rárá, àfi bí systemd-resolved (ètò Linux tó ń gba ìbéèrè DNS lórí kọ̀ǹpútà) bá wà láàárín |
| mDNS | àwọn tó wà lórí ẹ̀ka nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà | ó ń tún ara rẹ̀ ṣe | rárá |
| Ráútà tó ń lo dnsmasq | gbogbo ẹni tó ń béèrè lọ́wọ́ ráútà | ó ń tún ara rẹ̀ ṣe | bẹ́ẹ̀ ni |
| Unbound tàbí BIND tiyín | gbogbo ẹni tó ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, láti ẹ̀ka èyíkéyìí | ẹ óò tún un kọ, àyàfi tí DHCP (ètò tó ń pín àdírẹ́sì) bá ń bá a sọ̀rọ̀ | bẹ́ẹ̀ ni |

## Fáìlì hosts

Ó yára, kò nílò ìta, kì í sì í já yín kulẹ̀ nígbà tí DNS bá kú. Bí ó bá jẹ́ sáfà kan ṣoṣo ló ń lọ́ra, tí àwọn tó ń kàn án kò ju mẹ́ta mẹ́rin lọ, tí àdírẹ́sì wọn kò sì ń yí padà, ẹ má wá ohun mìíràn. Ìlà kan ti tó. Lórí Linux, /etc/hosts ni. Lórí Windows, C:\Windows\System32\drivers\etc\hosts ni.

Ẹ ṣọ́ ètò orúkọ lórí ìlà náà. Orúkọ tó bá kọ́kọ́ tẹ̀ lé àdírẹ́sì ni yóò jáde nígbà tí ẹnì kan bá béèrè láti ẹ̀yìn, àwọn tó kù jẹ́ ìnagijẹ lásán. Bí ẹ bá kọ "192.168.1.20 pirinta pirinta.home.arpa", "pirinta" lásán ni yóò jáde, ètò tó ń retí orúkọ kíkún kò sì ní mọ̀ ọ́n.

Níbi tí ó ti ń bàjẹ́ ni kọ̀ǹpútà karùn-ún. Ẹ ti tún mẹ́rin ṣe, ẹ gbàgbé ìkarùn-ún, ó ń pe kámẹ́rà ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Orúkọ tí kò tọ̀nà burú ju àìní orúkọ lọ, torí ẹ óò gbà á gbọ́.

## mDNS

Níhìn-ín, kò sí ọ̀gá kankan. Kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ń dá orúkọ ara rẹ̀ sọ. Ẹni tó ń wá orúkọ yóò kígbe sí 224.0.0.251 lórí UDP 5353, ẹni tó ni àdírẹ́sì náà yóò dáhùn. Bonjour lórí Mac àti Avahi lórí Linux ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì kékeré tí ẹnì kankan kò fẹ́ máa tọ́jú, inú mi dùn sí i.

Ohun tó máa ń tan àwọn ènìyàn jẹ ni pé orúkọ sí àdírẹ́sì ń ṣiṣẹ́, àdírẹ́sì sí orúkọ kò ṣiṣẹ́. Wọ́n á ping pirinta.local, yóò dáhùn. Wọ́n á getent hosts 192.168.1.20, kò ní sọ nǹkan kan. Ẹ ṣí nsswitch.conf:

```
hosts: files mdns4_minimal [NOTFOUND=return] dns
```

mdns4_minimal yẹn kì í wo ohun tó ju orúkọ tó parí sí .local àti àdírẹ́sì 169.254 lọ. 192.168 kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ fi mdns4, láìsí minimal, sí ìparí ìlà náà lẹ́yìn dns, getent yóò wá rí orúkọ. Kí ẹ tó fọwọ́ kan fáìlì náà, ẹ fi avahi-resolve -a 192.168.1.20 dán an wò. Bí òun náà kò bá rí i, ẹ̀rọ yẹn kò sọ orúkọ ara rẹ̀ rárá, kò sí ohun tí nsswitch.conf lè ṣe sí i.

Igbe kì í kọjá ráútà. Bí ẹ bá ti pín nẹ́tíwọ́ọ̀kì sí ẹ̀ka, kámẹ́rà sí apá kan, kọ̀ǹpútà iṣẹ́ sí apá kejì, àwọn méjèèjì kò ní gbúròó ara wọn. Avahi ní enable-reflector tó lè gbé igbe náà kọjá, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti dé ibẹ̀, mo máa ń gbà pé mDNS ti ṣe ìwọ̀n tirẹ̀.

## Ráútà tó ń pín àdírẹ́sì

Èyí ni mo máa ń yàn. Ọ̀pọ̀ ráútà kékeré ló ní dnsmasq nínú, dnsmasq sì ń ṣe iṣẹ́ méjì papọ̀: òun ló ń pín àdírẹ́sì nípa DHCP, òun ló tún ń dáhùn DNS. Nígbà tí ẹ̀rọ kan bá wá gba àdírẹ́sì tó sì sọ orúkọ rẹ̀, dnsmasq ti mọ méjèèjì, yóò sì lè dáhùn níwájú àti lẹ́yìn. Bí àdírẹ́sì bá yí padà lọ́la, orúkọ yóò tẹ̀ lé e.

```
domain=home.arpa
local=/home.arpa/
expand-hosts
bogus-priv
dhcp-host=00:00:5e:00:53:01,pirinta,192.168.1.20
```

bogus-priv ló ń dá ìbéèrè dúró kí ó má jò jáde: àdírẹ́sì abẹ́lé tí kò bá sí nínú hosts tàbí nínú ìwé DHCP, dnsmasq yóò dáhùn lójú ẹsẹ̀ pé kò sí. Ìlà dhcp-host wúlò fún àwọn ẹ̀rọ tí kò mọ orúkọ ara wọn, tàbí tí orúkọ wọn jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà jáujàu láti ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n. Fóònù òde òní lè gbé MAC (nọ́ńbà tí ìlà náà fi ń dá ẹ̀rọ mọ̀) tí kì í ṣe tirẹ̀ wá, nítorí náà ìlà bẹ́ẹ̀ lè má mú fóònù. Ẹ pa ètò tó ń pààrọ̀ MAC yìí lórí fóònù fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì yẹn nìkan.

Bí ẹ bá ń fọwọ́ kọ orúkọ fún ẹ̀rọ tí kò gba àdírẹ́sì láti DHCP, host-record ni kí ẹ lò. Èyí tí mo ń rí tí àwọn ènìyàn ń kọ ni address=/pirinta.home.arpa/192.168.1.20. Ó ń ṣiṣẹ́ níwájú, àmọ́ kì í dá PTR kankan sílẹ̀. host-record ń ṣe méjèèjì.

Lórí ọ̀rọ̀ orúkọ ìdílé: ẹ má lo .local nínú DNS, mDNS ló ni ín. RFC 8375 ti 2018 fi home.arpa sílẹ̀ fún irú iṣẹ́ yìí gan-an. Ó gùn díẹ̀ lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó máa jí dìde lọ́la kó rà á mọ́ yín lọ́wọ́.

## Sáfà DNS tiyín

Nígbà tí ẹ bá ní ẹ̀ka púpọ̀, tàbí tí ẹ fẹ́ kí àkọsílẹ̀ wà níbi tí ẹlòmíràn lè yẹ̀ ẹ́ wò, ráútà kò ní tó. Láàárín Unbound àti BIND, mo fẹ́ràn Unbound fún ẹni tí àdírẹ́sì rẹ̀ kò tó ọgọ́rùn-ún, torí ìlà kan ni fún orúkọ kan:

```
local-data: "pirinta.home.arpa. A 192.168.1.20"
local-data-ptr: "192.168.1.20 pirinta.home.arpa"
```

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ kí Unbound gbé ìbéèrè náà lọ bá ráútà tó ń pín àdírẹ́sì, forward-zone, ìlà tó ń darí ìbéèrè sí sáfà mìíràn, nìkan kò tó. Ó ṣì ń dá 168.192.in-addr.arpa dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò ní dé ibi tí forward-zone wà. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ fún un pé kó jọ̀wọ́ rẹ̀:

```
local-zone: "168.192.in-addr.arpa." nodefault
```

Mo ti rí ẹni tó ka gbogbo ìwé ìtọ́sọ́nà forward-zone tán, tó yí àdírẹ́sì ráútà padà lẹ́ẹ̀mẹta, tó sì jẹ́ pé ìlà yìí nìkan ló kù. nobody.invalid ti ń sọ fún un látìbẹ̀rẹ̀.

BIND lágbára jù ú lọ, ó sì lè gba àtúnṣe láti ọ̀dọ̀ sáfà DHCP, ṣùgbọ́n ó ń béèrè ìfarabalẹ̀. Ẹ wo ìlà yìí nínú zone 1.168.192.in-addr.arpa:

```
20   IN   PTR   pirinta.home.arpa
```

Ó dára lójú. Ìdáhùn tí yóò jáde ni pirinta.home.arpa.1.168.192.in-addr.arpa. Àmì ìdánudúró kan ló kù ní ìparí orúkọ, BIND sì rò pé ẹ kò tíì sọ̀rọ̀ tán, ó bá yín parí rẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá tún un ṣe, ẹ má gbàgbé láti sún nọ́ńbà serial (nọ́ńbà ẹ̀dà zone náà) síwájú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ sáfà kejì yóò máa ka ti àná. Ẹni tó bá ń lo 172.16.0.0/12 ní tirẹ̀, zone 16 ló máa kọ, láti 16.172.in-addr.arpa dé 31.172.in-addr.arpa, torí /12 kò bá ibi tí àmì ìdánudúró wà mu.

Bí IPv6 (irú àdírẹ́sì tuntun tó gùn) bá wà, ip6.arpa ló ń wà ní ìdí rẹ̀, lẹ́tà tàbí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan á dá dúró, 32 ni wọ́n. Àwọn kọ̀ǹpútà sì ń pààrọ̀ àdírẹ́sì IPv6 wọn láti dáàbò bo ara wọn. Àwọn sáfà tí àdírẹ́sì wọn dúró lójú kan nìkan ni kí ẹ kọ PTR fún.

## Ohun méjì tó ń ba èyíkéyìí tí ẹ bá yàn jẹ́

Èkíní ni sáfà DNS kejì. Àwọn ènìyàn fi ráútà sí ipò kìíní, wọ́n fi 8.8.8.8 (sáfà DNS gbangba ti Google) sí ipò kejì, wọ́n rò pé ohun tí ìkíní kò bá mọ̀, ìkejì yóò sọ ọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. NXDOMAIN jẹ́ ìdáhùn pípé. Kò sí ẹni tó ń lọ béèrè lọ́wọ́ ẹlòmíràn lẹ́yìn rẹ̀. Ìgbà tí ìkíní bá dákẹ́ tàbí tó kọsẹ̀ ni wọ́n ń lọ sọ́dọ̀ ìkejì, systemd-resolved sì máa ń dúró sọ́dọ̀ ẹni tó bá lọ bá. Láti ìgbà yẹn, orúkọ abẹ́lé yín ti pòórá, láìsí ohun tó bàjẹ́ lójú. Bí ẹnì kan bá sọ fún mi pé "ó ń ṣe é nígbà mìíràn, kì í ṣe é nígbà mìíràn", ibẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wò. Bí ẹ bá fẹ́ sáfà kejì, kó jẹ́ èyí tó mọ orúkọ kan náà pẹ̀lú ìkíní.

Èkejì ni kí ẹni méjì máa ti ìbéèrè sí ara wọn. Ẹ gbé Pi-hole, sáfà DNS tó ń dí ìpolówó, kalẹ̀, ẹ ní kó máa lọ bi ráútà nípa àdírẹ́sì abẹ́lé, kó lè fi orúkọ hàn dípò nọ́ńbà. Ráútà náà, ẹ ti sọ fún un pé Pi-hole ni sáfà DNS rẹ̀. Ìbéèrè kan fún àdírẹ́sì tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ yóò máa lọ, yóò máa bọ̀, títí dnsmasq fi kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìbéèrè tó wà lọ́wọ́ òun ti pé 150. bogus-priv lórí ráútà ló ń já okùn náà, tàbí kí ráútà máa béèrè tààrà lọ́wọ́ sáfà ìta.

Lẹ́yìn tí ẹ bá tún ohunkóhun ṣe, ẹ rántí pé "kò sí" náà jẹ́ ìdáhùn tí à ń fi pamọ́. Ẹ tún wo ìlà SOA tó wà lókè yẹn: 10800 ìparí rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá, wákàtí mẹ́ta ni. Kọ̀ǹpútà tó gbọ́ "kò sí" lójú ọ̀sán lè máa tún un sọ títí di ìrọ̀lẹ́, bí ẹ tilẹ̀ ti kọ PTR tó tọ̀nà. Ẹ tẹ resolvectl flush-caches lórí rẹ̀, ẹ wá tẹ getent lẹ́ẹ̀mejì: ẹ fi àdírẹ́sì wá orúkọ, kí ẹ sì fi orúkọ tó jáde wá àdírẹ́sì. Bí nọ́ńbà tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ bá padà wá, ẹ lè tẹ ssh.